Bí Mùdùnmúdùn Kò Bá Lè Dá Iṣẹ́ Ẹ̀jẹ̀ Ṣe

Bí a bá bi ọ̀pọ̀ nínú wa léèrè ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá, ọkàn ni a ó nawọ́ sí. Bẹ́ẹ̀, ọkàn kàn ń tì í kiri ni. Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe é lójoojúmọ́, nítorí sẹ́ẹ̀lì pupa kan kì í lò ju nǹkan bí 120 ọjọ́ lọ kó tó kú.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú egungun ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta tí oyún ti sọ, inú àpò kékeré kan tó so mọ́ ọlẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ ti ń jáde. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀dọ̀ gba iṣẹ́ náà, tí ọlọ inú, ẹ̀yà ara tó fara pamọ́ sábẹ́ ìhà òsì, sì ń ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí ìbí bá kù dẹ̀dẹ̀ ni mùdùnmúdùn tó di ọ̀gá.

Ara kì í gbàgbé ọ̀nà àtijọ́ yìí. Bí mùdùnmúdùn bá ń ṣiṣẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ kò sì tó, ẹ̀dọ̀ àti ọlọ inú lè padà sídìí iṣẹ́ ìgbà oyún.

Ní ọdún 1925, ní ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà, dókítà àwọn ọmọdé kan, Thomas Cooley, àti Pearl Lee kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ kò tó lára wọn, tí ọlọ inú wọn wú, tí egungun wọn sì yí padà. Thalassaemia ni a ń pe àìsàn náà lónìí. Ó wọ́pọ̀ láyìíká Òkun Mẹditaréníà. Àjogúnbá ni, bíi fòníkú-fọ̀ladìde tiwa: bàbá àti ìyá tí ara wọn dá ṣáṣá lè gbé e fún ọmọ. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì pupa wọn ń kú kó tó jáde kúrò nínú mùdùnmúdùn, mùdùnmúdùn a sì máa gbòòrò títí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò fi yọ síta.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Iṣẹ́ ọlọ inú gan-an ni láti ṣa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti gbó; bó bá tóbi jù, a máa ṣa èyí tó dára mọ́ ọn. Nígbà mìíràn, kókó tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ a hù sẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun ẹ̀yìn, a tẹ okùn ọpọlọ tó gba inú rẹ̀ kọjá, ẹsẹ̀ aláìsàn a sì máa rọ. Ẹni tó rí i nínú àwòrán lè pè é ní jẹjẹrẹ. Bó bá yára fi abẹ́ kàn án, ẹ̀jẹ̀ lè dà gidigidi.

Bí a bá ń fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ lára déédéé láti kékeré, mùdùnmúdùn a sinmi, àwọn yòókù náà a sì dẹwọ́. (Ẹ̀jẹ̀ tí à ń gbà yìí máa ń kó irin jọ sínú ọkàn àti ẹ̀dọ̀, ìyẹn náà sì ní oògùn tirẹ̀.) Ìtànṣán díẹ̀ lè mú kókó ẹ̀yìn súnkì.

Lọ́dọ̀ wa, ibà wà lára ohun tó sábà ń mú ọlọ inú ọmọdé wú. Ìyá tó bá fọwọ́ kan ohun líle lábẹ́ ìhà òsì ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi àgbo nìkan tẹ́ra lọ́rùn. Kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ní erékùṣù Cyprus, Ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ń béèrè ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò thalassaemia lọ́wọ́ àwọn àfẹ́sọ́nà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, bí ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn wa ṣe ń béèrè jẹ́nótáìpù. Ìjọ náà kò ní kí wọ́n má fẹ́ ara wọn. Kí wọ́n ṣáà ti mọ̀ ni. Àwọn ọmọ tí a ń bí pẹ̀lú àìsàn náà níbẹ̀ ti dín kù jọjọ.