Rédíétọ̀ tó ń pa gíà: àbùkù Pathfinder 2005 sí 2010 àti ohun tó ń náni

Nissan Pathfinder tí wọ́n ṣe láàárín 2005 sí 2010 kò ṣàjèjì lójú títì Èkó àti Ìbàdàn. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ìlà ìjókòó mẹ́ta ló ní, ènìyàn méje ń bá a lọ. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀, onísílíńdà mẹ́fà tó gba lítà mẹ́rin, lágbára, férémù irin tó gbé e dúró sì ń fara da gálọ́ọ̀pù. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ṣe wọ́n ní Smyrna, ìpínlẹ̀ Tennessee. Ṣùgbọ́n àbùkù kan ń bẹ lára ọkọ̀ yìí tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ní in, àti ẹni tó ń wá owó láti rà á, mọ̀ dájú. Ara páátì tí owó rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ ni àbùkù náà ti ń bẹ̀rẹ̀, àmọ́ gíà, tí owó rẹ̀ lè da ètò ilé rú fún ọdún kan, ló ń pa.

Rédíétọ̀ ni páátì náà. Inú rẹ̀ ni kúláǹtì tó ti gba ooru lára ẹ́ńjìnnì ń gbà kọjá kí atẹ́gùn lè fẹ́ ẹ tutù. Ọ́ìlì gíà náà máa ń gbóná, nítorí náà àwọn tó ṣe ọkọ̀ yìí ki ẹ̀rọ ìtutù kékeré kan bọ inú rédíétọ̀ kan náà: ọ́ìlì gíà ń gba inú rẹ̀ kọjá, kúláǹtì sì yí i ká. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló dá àwọn méjèèjì sí méjì. Bí nǹkan bá lọ bó ṣe yẹ, wọn kì í fojú kan ara wọn títí ọkọ̀ yóò fi gbó. Lára Pathfinder ọdún wọ̀nyí, àti lára Xterra àti Frontier tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, ibi ìpààlà yẹn máa ń já. Kúláǹtì á wọ inú gíà, ọ́ìlì gíà á sì wọ inú omi rédíétọ̀.

Èyí tó wọ inú omi kò burú tó èyí tó wọ inú gíà. Àwọn àwo irin pẹlẹbẹ ló wà nínú gíà ọkọ̀ yìí, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ nǹkan tó dà bíi bébà líle mọ́ wọn lára kí wọ́n lè máa di ara wọn mú. Omi àti glycol inú kúláǹtì ni yóò máa rẹ gọ́ọ̀mù náà díẹ̀díẹ̀ títí ìbora yẹn yóò fi bó. Èyí tó bó á máa bá ọ́ìlì rìn káàkiri, á sì máa dí àwọn ojú ihò tí ọ́ìlì ń gbà. Kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí gíà, inú ọ́ìlì kan náà yìí ló ń gbé. Bí omi bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ di ti iná.

Àmì àkọ́kọ́ máa ń tan ènìyàn jẹ. Bí ọkọ̀ bá ń sáré bíi kìlómítà 60 ní wákàtí kan, á máa gbọ̀n rìrì fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, bíi pé ó wà lórí ọ̀nà onígbóńgbó, bẹ́ẹ̀ títì dán. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á gba ọ̀dọ̀ onítaya lọ fún báláǹsì, wọ́n á pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, wọ́n á pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì síìtì, owó á ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Lẹ́yìn náà ni gíà kò ní tètè mú mọ́: èèyàn á tẹ iná, ẹ́ńjìnnì á pariwo, ọkọ̀ kò ní kúrò lójú kan. Tó bá ti dé ibẹ̀, gíà náà ti ń kú lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ tètè mọ̀ lè yẹ ibi méjì wò. Kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá kó tó fọwọ́ kan ọmọrí rédíétọ̀. Kúláǹtì ọkọ̀ yìí, àwọ̀ ewé tàbí búlúù ló yẹ kó jẹ́. Bó bá ti ki, tó wá dà bí ògì tí wọ́n da zóbò sí, ìyẹn ti fi ara rẹ̀ hàn. Ibi kejì ni ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì gíà, èmi sì gbẹ́kẹ̀ lé e ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nissan fi nọ́ọ̀tì nọ́ńbà 10 kan dè é mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kì í fi í fà á yọ láti ọdún dé ọdún. Ẹ tú u, ẹ fà á jáde, ẹ fi bébà funfun nù ún. Pupa tó mọ́ gaara ló yẹ kí ẹ rí. Bó bá funfun bí ẹni da mílíìkì sí i, ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnnì náà mọ́, ẹ má sì wà á lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á.

Ní Amẹ́ríkà, rédíétọ̀ àti owó iṣẹ́ rẹ̀ kì í sábà kọjá ọgọ́rùn-ún dọ́là mélòó kan, gíà sì lè ju 4,000 dọ́là lọ. Nígbà tí ẹjọ́ pọ̀, Nissan fi kún àkókò wáráńtì rédíétọ̀ yìí, ó sọ ọ́ di ọdún 8 tàbí 80,000 máìlì. Lẹ́yìn tí àwọn oníbàárà kó ara wọn jọ lọ sílé ẹjọ́, àdéhùn gbé e dé ọdún 10 tàbí 100,000 máìlì, ìyẹn bíi 161,000 kìlómítà. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ẹni tó ti kọjá ọdún 8 ní láti kọ́kọ́ fi 2,500 dọ́là sílẹ̀ lápò ara rẹ̀, ẹni tó sì ti kọjá ọdún 9 ní láti fi 3,000 sílẹ̀. Mi ò rí ìdájọ́ òdodo nínú kí ẹni tí kò ṣẹ̀ máa san iye tó tó bẹ́ẹ̀. Bó ti wù kó rí, kódà èyí tí wọ́n ṣe ní 2010 ti kọjá ọdún 10. Gbogbo Pathfinder ìran yìí tó wà nílẹ̀ wa lónìí, àpò ẹni tó ni ín ló kù tí yóò tún un ṣe.

Mi ò ní kọ iye náírà síbí, torí owó páátì ní ọjà Ládípọ̀ ní Èkó ń bá dọ́là lọ sókè sódò. Ohun tí kì í yí ni pé owó gíà kan lè ra rédíétọ̀ mélòó kan. Nítorí náà ni mo ṣe ń rọ ẹni tí gíà rẹ̀ ṣì dára pé kó pààrọ̀ rédíétọ̀ náà báyìí, kí ó má dúró de àmì kankan. Ọ̀nà kejì ni pé kí mẹkáníìkì yọ ọ́ìlì gíà kúrò nínú rédíétọ̀ pátápátá, kó gbé ẹ̀rọ ìtutù ọ́ìlì mìíràn síwájú ọkọ̀, kó fi họ́ọ̀sì tó dára so ó. Ní ìlú olótùútù, àwọn kan á ní rédíétọ̀ ló ń mú kí ọ́ìlì tètè gbóná láàárọ̀. Òtútù kọ́ ni ìṣòro tiwa. Ohun tó ṣe pàtàkì níbí ni pé kí ẹ̀rọ ìtutù náà tóbi tó fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ Èkó.

Bí omi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí ọkọ̀ kò tíì gbọ̀n, fífọ gíà pẹ̀lú ọ́ìlì tuntun léraléra lè gbà á là. Bó bá ti ń gbọ̀n, owó ọ́ìlì yẹn lè ṣòfò. Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti ẹni tó ra gíà mìíràn, tí wọ́n sì dá rédíétọ̀ àtijọ́ padà síbẹ̀. Gíà kejì á mu omi kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ ra gíà tòkunbọ̀, kó ní kí wọ́n da ọ́ìlì tó kù nínú rẹ̀ sínú ike funfun kó tó sanwó, torí ara ọkọ̀ tí àìsàn yìí kan náà pa ni wọ́n lè ti tú u.

Àwọn àléébù mìíràn wà tí kò tó èyí. Ṣéènì táímìnì ẹ́ńjìnnì náà máa ń jẹ ike tó ń fún un mọ́ra, èèyàn á sì máa gbọ́ ìró kan tó ń hu bí fèrè bí ẹ́ńjìnnì ti ń yára. Iwájú ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń tú fún un, owó iṣẹ́ ló sì ń wọ́n níbẹ̀. Géèjì epo náà lè parọ́ pé epo ṣì wà. Ní 2010, Nissan pe ọ̀pọ̀ ọkọ̀ padà nítorí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Pathfinder wà lára wọn.

Àwọn kan á ní ti 2013 ni àwọn yóò rà, kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ rédíétọ̀. Lóòótọ́ ni wọ́n bọ́, àmọ́ irú gíà mìíràn tí wọ́n ń pè ní CVT ló wà nínú èyí, ó sì ní gbígbọ̀n tirẹ̀. Fún ọkọ̀ 2013 àti 2014, Nissan ní láti sún àkókò wáráńtì gíà náà láti oṣù 60 dé oṣù 84. Ẹ wà á fún wákàtí kan kí ẹ tó sanwó, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ àti lórí òkè, kí ooru lè mú gíà náà dáadáa.