Ṣé o mọ̀? Èèrà ló ń gbin òdòdó ní Cape

Lórí àwọn òkè tó yí Cape Town ká ní South Africa, èèrà ló ń gbin ọ̀pọ̀ òdòdó, èèrà àjèjì sì ti ń ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ewéko púpọ̀ nínú igbó kúkúrú tí wọ́n ń pè ní fynbos máa ń fi ọ̀rá díẹ̀ sára kóró rẹ̀. Èèrà ìbílẹ̀ á gbóòórùn rẹ̀, á wọ́ kóró náà wọ ihò, á jẹ ọ̀rá ara rẹ̀ tán, á sì fi kóró tó le sílẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Ibẹ̀ ni yóò wà títí iná yóò fi jó igbó kọjá, kó tó hù.

Àmọ́ ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí èèrà Argentina ti dé ibẹ̀ láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Ó ń lé èèrà ìbílẹ̀ kúrò nílé. Orí ilẹ̀ gbalasa ló ti ń jẹ ọ̀rá náà, kì í sin kóró rárá, ni eku bá jẹ ẹ́, tàbí kí iná jó o. Ohun tó ń bani lọ́kàn jẹ́ ni pé ojú kì í tètè rí i: àgbà òdòdó ṣì ń tàn, ẹ̀yìn iná ni àìsí ọmọ rẹ̀ tó ń hàn.

Nínú ìdánwò kan tó jáde ní 1984, nínú 100 kóró òdòdó Mimetes, bíi 35 ló hù lẹ́yìn iná níbi tí èèrà ìbílẹ̀ wà. Níbi tí ti Argentina ti gbilẹ̀, kò pé ẹyọ kan.