Ẹ̀jẹ̀ Ya Lára Ìyá Nígbà Ìbímọ, Ọmú Kò Sì Lómi: Ohun Tó Yẹ Ká Mọ̀ Nípa Pituitary

Ìyá tí ẹ̀jẹ̀ dà púpọ̀ lára rẹ̀ nígbà tó bímọ la kọ ìwé ìlàlóye yìí fún, àti ọkọ rẹ̀, àti àwọn àgbà tó ń bá a wẹ ọmọ. Bí omi ọyàn kò bá wá lẹ́yìn irú ìbímọ bẹ́ẹ̀, tí nǹkan oṣù kò sì padà, ẹ má ṣe dá ìyá ọmọ lẹ́bi. Ó lè jẹ́ àìsàn tí wọ́n ń pè ní Sheehan. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń fi í hàn, oògùn rẹ̀ sì wà.

Kí ni pituitary?

Kókó kékeré kan ni, kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Ó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, lẹ́yìn ìdí imú. Hypothalamus, apá kan lára ọpọlọ tó wà lókè rẹ̀ gan-an, ló ń pàṣẹ fún un. Họ́mọ̀nù ni pituitary ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì gbé e lọ síbi tí iṣẹ́ rẹ̀ wà. Díẹ̀ lára wọn nìyí:

- Prolactin ló ń jẹ́ kí ọmú ṣe omi.
- Oxytocin ń mú kí ilé ọmọ súnkì lẹ́yìn ìbímọ, ó sì ń ti omi ọyàn jáde nígbà tí ọmọ bá ń mu ún. Hypothalamus ló ń ṣe é, inú pituitary ló ń kó o pa mọ́ sí.
- LH àti FSH ń darí ẹyin obìnrin àti nǹkan oṣù.
- TSH ń mú kí thyroid tó wà lọ́rùn ṣiṣẹ́, kí ara lè móoru, kí okun sì wà.
- ACTH ń mú kí kókó tó wà lórí kíndìnrín ṣe cortisol. Láìsí cortisol, ara kò lè fara da àìsàn.

Báwo ni ìbímọ ṣe ń pa á lára?

Nínú oyún, pituitary máa ń tóbi sí i, torí ó ń múra àtiṣe prolactin. Bó ṣe ń tóbi ló ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀ sí i. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá ya lára ìyá, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ gan-an, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kì í tó mọ́, apá kan kókó náà sì lè kú. Dókítà Harold Sheehan, tó ń ṣiṣẹ́ nílùú Glasgow nígbà náà, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1937. Orúkọ rẹ̀ ni àìsàn náà ń jẹ́. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ ló ń ní in.

Àwọn àmì rẹ̀

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́:
- omi ọyàn kò wá rárá, tàbí ó wá díẹ̀, ó sì gbẹ, bó ti wù kí ọmọ fà á tó.

Lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún:
- nǹkan oṣù kò padà;
- irun abíyá àti ti abẹ́ ń re, kò sì hù mọ́;
- ó ń rẹ̀ ẹ́ ṣáá, òtútù ń mú un nígbà tí ara àwọn yòókù ń gbóná;
- òòyì ń kọ́ ọ bó bá dìde.

Ọ̀pọ̀ ọdún lè kọjá kí ẹnikẹ́ni tó fura. Àwọn ará ilé á ní ó ti ya ọ̀lẹ, tàbí pé ayé ló ń ṣe é. Nígbà míì, ọjọ́ tí ibà líle tàbí iṣẹ́ abẹ bá dé ni ìyá á dédé dákú, tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á sì lọ sílẹ̀.

Ohun tí ẹ máa sọ fún dókítà

Dókítà lè má ronú kan ìbímọ ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́, bí àpẹẹrẹ:

"Dókítà, nígbà tí mo bí àbíkẹ́yìn mi, ibi kò tètè jáde, ẹ̀jẹ̀ sì ya lára mi títí mo fi dákú. Páìǹtì mẹ́ta ni wọ́n fà sí mi lára. Ọmọ náà kò rí ọyàn mu. Láti ìgbà náà, n kò rí nǹkan oṣù mi mọ́."

Àyẹ̀wò

Àárọ̀, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ, ni wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ fún cortisol, torí ìgbà náà ló máa ń pọ̀ jù lára. Àyẹ̀wò TSH nìkan kò tó: nínú àìsàn yìí, TSH lè dà bí ẹni pé kò sí wàhálà, kó jẹ́ pé T4, họ́mọ̀nù tí thyroid ń ṣe, ló lọ sílẹ̀. Ẹ béèrè bóyá T4 wà lára ohun tí wọ́n kọ. Wọ́n tún lè ní kí ẹ lọ ya àwòrán orí, èyí tí wọ́n ń pè ní MRI.

Oògùn

- Hydrocortisone, tó ń rọ́pò cortisol, ló ń ṣáájú. Àárọ̀ lẹ máa ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.
- Levothyroxine, tó ń rọ́pò T4, ń tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá fi í ṣáájú, ó lè dá ìyá wólẹ̀. Òfìfo inú àti omi lásán lẹ fi ń lò ó, ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ.
- Dókítà lè fi họ́mọ̀nù obìnrin kún un. Àwọn míì ṣì máa ń lóyún lẹ́yìn ìtọ́jú.

Oògùn wọ̀nyí kì í sábà dá omi ọyàn padà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kọ́ yín bí ẹ ó ṣe máa bọ́ ọmọ. Títí ayé lẹ máa lo hydrocortisone. Dídá a dúró lójijì lè pààyàn. Ẹ rí dókítà kí ẹ tó gbààwẹ̀.

Bí ara kò bá yá

Bí ibà bá mú yín, ẹ sọ ìwọ̀n hydrocortisone di méjì, bí dókítà bá ṣe là á sílẹ̀. Bí ẹ bá ń bì tí oògùn kò dúró nínú, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́: abẹ́rẹ́ rẹ̀ lẹ nílò ní ilé ìwòsàn. Ẹ kọ orúkọ àìsàn àti oògùn yín sórí páálí kékeré, kí ẹ máa mú un rìn.

Bí a ṣe lè dènà rẹ̀

Ẹ bímọ níbi tí agbẹ̀bí tó kọ́ṣẹ́ wà. Bí ọmọ bá ti jáde, abẹ́rẹ́ oxytocin ló yẹ kí wọ́n gún ìyá, kí ilé ọmọ lè súnkì. Irú họ́mọ̀nù tí hypothalamus ń ṣe náà ni. Wọ́n á tẹ́ ike tó ní àpò àti ìlà ìwọ̀n sábẹ́ ìdí ìyá, kí agbẹ̀bí lè ka iye ẹ̀jẹ̀ tó dà dípò kó máa fojú díwọ̀n. Bó bá pé mílílítà 500, ìtọ́jú gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: wọ́n á fọwọ́ ra ikùn rẹ̀, wọ́n á fún un ní oxytocin àti tranexamic acid, oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, wọ́n á fa omi sí i lára, wọ́n á sì wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. Ìwádìí E-MOTIVE, tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti South Africa, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2023, fi hàn pé ìlànà yìí dín ewu ìsun ẹ̀jẹ̀ líle kù ní ìdá 60 nínú 100.

Bí ẹ bá mọ ìyá tí àwọn àmì yìí wà lára rẹ̀, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín, kó sì mú káàdì ìbímọ rẹ̀ dání bó bá ṣì wà. Bí ọmọ náà bá tilẹ̀ ti ń lọ sílé ìwé, kò tíì pẹ́ jù.