Tẹlifóònù: Bí Ohùn Ènìyàn Ṣe Wọ Inú Wáyà

Láyé àtijọ́, ẹsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ fi ń rìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá ará ọ̀nà jíjìn sọ̀rọ̀ yóò rán ìránṣẹ́, yóò fi àrokò ránṣẹ́, tàbí kí ó kọ ìwé. Ní ọdún 1844, Samuel Morse, ará Amẹ́ríkà, fi iná mànàmáná rán ọ̀rọ̀ gba inú wáyà láti Washington dé Baltimore. Ọ̀rọ̀ náà yára ju ẹṣin lọ, ṣùgbọ́n àmì lásán ni. Ẹni tí kò kọ́ àmì náà kò lè gbọ́ ọ yé.

Alexander Graham Bell ni ó mú kí ohùn fúnra rẹ̀ rìn. Ìlú Edinburgh, ní ilẹ̀ Scotland, ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1847. Ìyá rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa. Òun náà dàgbà, ó di olùkọ́ àwọn adití ní Boston, ní Amẹ́ríkà. Ìdí nìyí tí ó fi ń wádìí bí ohùn ṣe ń ti ẹnu jáde dé etí.

Bí ènìyàn bá sọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ a máa mì. Afẹ́fẹ́ yìí ni ó ń mi awọ fẹ́lẹ́ kan nínú ẹ̀rọ, bí kọ̀ǹgọ́ ṣe ń mi awọ ìlù. Bí awọ náà ṣe ń mì ni agbára iná inú wáyà ń pọ̀, tí ó sì ń dín. Ní ìpẹ̀kun wáyà, iná náà yóò mi irin pẹlẹbẹ kan, ohùn yóò sì tún jáde.

Ní ọjọ́ 7, oṣù kẹta, ọdún 1876, Bell gba ìwé ẹ̀rí pé òun ni ó ni iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ 10, ó gba inú ẹ̀rọ pe Thomas Watson, olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, láti yàrá mìíràn, pé kí ó máa bọ̀. Watson gbọ́, ó sì wá.

Àwọn mìíràn náà ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Antonio Meucci, ará Ítálì, ti fi ìwé tirẹ̀ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1871, ṣùgbọ́n kò rí owó tí yóò fi sọ ìwé náà dọ̀tun. Ní ọdún 2002 ni àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà tó yìn ín. Ó ti kú láti ọdún 1889.

Ní ọdún 1915, Bell wà ní New York, Watson wà ní San Francisco. Bell tún pè é bí ti àkọ́kọ́. Watson dáhùn pé ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni yóò gba òun kí òun tó dé. Ní ọdún 1973, Martin Cooper pe ènìyàn láti ojú títì New York pẹ̀lú tẹlifóònù alágbèéká, láìsí wáyà.

Tẹlifóònù kò béèrè bóyá ènìyàn mọ̀wé. Ẹnu àti etí ti tó. Síbẹ̀, ìwé ni ó fi hàn ẹni tí a ó kà á sí. Ohùn a máa kọjá lọ. Ohun tí a kọ sílẹ̀ ni ó ń ṣe ẹlẹ́rìí.