Ògiri Ti Lanu: Gbọ̀ngàn Abúlé Wa Ti Gbó, Kí Ni Kí Á Ṣe?

Ẹ̀yin ará wa ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní àwọn abúlé tó yí i ká, ẹ wọ inú gbọ̀ngàn ìpàdé yín lónìí, kí ẹ gbójú sókè. Ṣé ẹ ń rí ojú ọ̀run láti inú ihò páànù? Ẹ wo àwọn òpó. Ṣé ikán ti jẹ wọ́n? Ẹ wo ògiri. Ṣé ó ti là débi tí ọwọ́ lè wọ inú rẹ̀? Bí ìdáhùn yín bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Gbọ̀ngàn kì í ṣe ilé àríyá nìkan. Níbẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ti ń jíròrò lórí owó òwú àti kajú. Níbẹ̀ ni a ti ń kọ́ ìwé kíkà ní alẹ́. Níbẹ̀ ni àwọn ìyá ń jókòó sí nígbà tí nọ́ọ̀sì bá wá fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ní agbègbè wa, òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, ó sì máa ń di oṣù kẹwàá kí ó tó dá. Ògiri amọ̀ tó ti là, tó sì ń mu omi fún gbogbo àkókò yìí, lè wó láìdágbére. Bí ó bá wó ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ ńkọ́? Igi tó bá fẹ́ gún ni lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ṣé kí á tún un ṣe ni, tàbí kí á kọ́ tuntun?

Kì í ṣe gbogbo ilé tó gbó ni à ń wó. Ẹ fi bíírò fa ìlà sí ibi tí ògiri lílà náà parí sí, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Ẹ padà wò ó lẹ́yìn oṣù kan. Bí kò bá kọjá ìlà náà, tí ó sì rí tín-ín-rín, ẹ lè rẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kọjá ìlà, bí ó bá là já sí òdì kejì, tàbí bí ògiri bá ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ má ṣe jókòó síbẹ̀ mọ́. Ẹ pe bíríkìlà tó mọṣẹ́ kí ó wá wò ó. Títí yóò fi dé, abẹ́ igi sàn jù.

Bí àdán bá ń gbé inú àjà, ẹ má ṣe gbá ìgbẹ́ rẹ̀ ní gbígbẹ. Eruku rẹ̀ lè fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ wọ́n omi sí i, ẹ fi aṣọ bo imú àti ẹnu, kí ẹ tó gbá a.

Ohun tí wọ́n ṣe ní Gando

Gando jẹ́ abúlé kan ní Burkina Faso, orílẹ̀-èdè tó wà ní àríwá wa. Ọmọ abúlé náà kan, Francis Kéré, lọ sí Jámánì ní ọdún 1985, ó sì kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé níbẹ̀. Ó kó owó jọ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kọ́ ilé ẹ̀kọ́ fún abúlé rẹ̀. Nígbà tí ó ní amọ̀ ni òun yóò fi kọ́ ọ, àwọn ará abúlé kọ́kọ́ ṣiyèméjì. Wọ́n mọ bí òjò ṣe ń ba ilé amọ̀ jẹ́.

Kéré po sìmẹ́ńtì díẹ̀ mọ́ amọ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ di bíríkì. Ó gbé páànù sókè, kí ó má bàa kan àjà, kí atẹ́gùn lè gba àárín wọn kọjá. Ó jẹ́ kí etí òrùlé yọ síta dáadáa, kí òjò má bàa na ògiri. Àwọn ọmọdé gbé òkúta wá fún ìpìlẹ̀. Àwọn obìnrin lu ilẹ̀ ilé náà títí ó fi le. Ilé náà parí ní ọdún 2001. Ní ọdún 2022, Kéré gba ẹ̀bùn Pritzker, ẹ̀bùn tó ga jù lọ nínú iṣẹ́ yíya àwòrán ilé. Òun ni ó ya àwòrán ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tuntun ti Benin ní Àjàṣẹ́. Igi tí àwọn àgbà ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ láti ṣe ìpàdé ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé, ohun tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa lè kọ́ ilé tó dára, bí a bá mọ bí a ṣe ń lò ó.

Amọ̀ tiwa, òkúta tiwa

Òkúta kò wọ́n wa ní ẹsẹ̀ àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́. Ẹ fi í ṣe ìpìlẹ̀. Ní ti iyẹ̀pẹ̀, ẹ gbẹ́ ti òkè tó ní gbòǹgbò kúrò, kí ẹ mú ti ìsàlẹ̀. Ẹ dán an wò: ẹ bù ú sínú ìgò títí yóò fi dé ìdá mẹ́ta rẹ̀, ẹ da omi kún un, ẹ mì ín dáadáa, kí ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn yóò wà nísàlẹ̀, amọ̀ yóò wà lókè. Bí ó bá jẹ́ kìkì amọ̀, bíríkì yóò là. Bí ó bá jẹ́ kìkì yanrìn, bíríkì yóò fọ́. Garawa sìmẹ́ńtì kan sábà máa ń tó garawa iyẹ̀pẹ̀ 12 sí 20. Ẹni tó mọṣẹ́ ni yóò sọ èyí tó bá iyẹ̀pẹ̀ yín mu. Ẹ tọ́jú bíríkì sábẹ́ ibòòji, kí ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ títí yóò fi pé ọjọ́ 28 kí ẹ tó fi mọlé.

Ẹ má ṣe gbàgbé kòtò tí ẹ ti gbẹ́ amọ̀. Bí omi òjò bá dúró sínú rẹ̀, ẹ̀fọn tó ń fa ibà yóò máa pọ̀ níbẹ̀, ọmọdé sì lè rì sínú rẹ̀. Ẹ dí i kí iṣẹ́ tó parí.

Ẹ kọ́kọ́ parí àríyànjiyàn

Ohun tó sábà ń dá irú iṣẹ́ yìí dúró ni àìgbọ́ra-ẹni-yé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Nítorí náà, ẹ pe gbogbo ènìyàn jọ: àgbà, ọ̀dọ́, obìnrin, àti àwọn ará wa tó ń da ẹran. Ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè yìí kí ẹ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀.

Ta ló ni ilẹ̀? Ẹnu nìkan kò tó. Òfin ilẹ̀ ọdún 2013 fàyè gba ìwé ẹ̀rí fún ilẹ̀ àbáláyé, èyí tí wọ́n ń pè ní ADC. Ẹ gbà á, kí ọmọ ọmọ ẹni tó fún yín nílẹ̀ má bàa lé yín lọ́la.

Ta ni yóò tọ́jú owó? Kí ènìyàn mẹ́ta di kọ́kọ́rọ́ mú, kí obìnrin wà nínú wọn. Kí wọ́n máa ka ìnáwó sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan.

Ta ni yóò tún un ṣe lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá? Kí ẹni tó bá fi ṣe ìgbéyàwó san owó díẹ̀ sínú àpótí fún ìtọ́jú rẹ̀.

Ṣé arọ lè wọlé? Ṣé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti omi ìfọwọ́ wà? Ẹ fi wọ́n sínú àwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ni kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀? Oògùn òwú. Ní ọdún 1999, ó kéré tán ènìyàn 37 kú ní Borgou nítorí oògùn tó ní endosulfan nínú. Àwọn kan jẹ oúnjẹ tí oògùn náà ti kàn. Inú ilé tí ọmọ ìkókó ti ń gba abẹ́rẹ́ kọ́ ni a ń kó irú oògùn bẹ́ẹ̀ sí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú ìwé ìpinnu yín lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ kọ́múùnù, kí wọ́n fi gbọ̀ngàn náà sínú ètò ìdàgbàsókè kọ́múùnù. Abúlé tó ti ní ilẹ̀, bíríkì àti ìfohùnṣọ̀kan kì í lọ lọ́wọ́ òfo.

Bí ilé àtijọ́ bá ṣì dúró dáadáa, ẹ má ṣe wó o títí tuntun yóò fi ní òrùlé. Nígbà tí ẹ bá sì wó o, ẹ ṣa páànù tó dára àti ilẹ̀kùn rẹ̀ sọ́tọ̀. Àwọn baba wa ni wọ́n kọ́ ọ. Kí ohun kan láti ọwọ́ wọn bá wa wọ inú tuntun.

Ẹ jíròrò: Kí ni ẹ rí nínú gbọ̀ngàn yín lónìí? Ta ni kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé yín, kí sì ni ìdí rẹ̀?