Orúnkún Ọmọ Ju Ife-Ẹ̀yẹ Lọ

Nígbà tí ìdíje bọ́ọ̀lù bá dé, inú àwọn ọmọ ilé-ìwé a máa dùn, orí olùkọ́ a sì máa wú. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bi ara wa léèrè: bí ọmọ bá ṣubú láàrin pápá, tí ó di orúnkún mú, kí ni a máa ń ṣe? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò kígbe pé, "Dìde, má ṣe ọ̀lẹ!" A ó fa ẹsẹ̀ náà, a ó fi òróró gbígbóná wọ́ ọ, a ó sì lé e padà sínú eré. Àṣìṣe ńlá gbáà ni èyí.

Orúnkún ni egungun itan àti egungun ojúgun ti pàdé. Iṣan líle mẹ́rin ni ó so wọ́n pọ̀. Egungun rírọ̀ méjì, tí ó tẹ̀ bí oṣù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, sì wà láàrin wọn bí tìmùtìmù. Kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá gbá ọmọ lẹ́sẹ̀ nìkan ni iṣan ń já. Nígbà púpọ̀, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni ó yí padà lójijì lórí eré, tàbí tí ó fò tí ó sì balẹ̀ láìtẹ orúnkún. Orúnkún yóò dún, yóò sì wú láàrin wákàtí mélòó kan. Ti àwọn ọmọbìnrin tilẹ̀ ń já ju ti àwọn ọmọkùnrin tí ń ṣe irú eré kan náà lọ. Ẹni tí ó bá ń fi iṣan jíjá sáré lè fa egungun rírọ̀ náà ya pẹ̀lú. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Kí ni ṣíṣe? Ẹ mú ọmọ náà kúrò nínú eré. Ẹ fi aṣọ wé omi dídì, kí ẹ gbé e lé orúnkún fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ẹ fi báńdéèjì dì í níwọ̀nba, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ náà lé ìrọ̀rí. Bí kò bá lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, tàbí tí orúnkún há tí kò ṣeé nà, ilé-ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí àwòrán X-ray nìkan tàn yín: egungun lè wà láìṣẹ́ kí iṣan sì ti já. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ń fẹ́ iṣẹ́ abẹ; ṣùgbọ́n ẹni tí a bá tún iṣan ṣe fún kò gbọdọ̀ padà sórí pápá kí oṣù mẹ́sàn-án tó pé. Lẹ́ẹ̀mejì ni iṣan orúnkún Victor Boniface, ọmọ tí a bí ní Àkúrẹ́, já nígbà tí ó wà nínú ẹgbẹ́ Bodø/Glimt ní Norway. Ó gba ìtọ́jú, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ Bayer Leverkusen tí ó gba ipò kìn-ín-ní ní Jámánì ní 2024.

Ìdènà ni ó sàn jù. FIFA ní eré ìmúra ogún ìṣẹ́jú kan tí wọ́n ń pè ní 11+, èyí tí ó ti dín ìpalára kù níbi tí wọ́n ti ń ṣe é déédéé. Kí ọmọ sáré díẹ̀díẹ̀. Kí ó lóṣòó kí ó sì dìde. Kí ó fi ẹsẹ̀ kan dúró. Kí ó fò, kí ó sì kọ́ láti tẹ orúnkún bí ó bá ń balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni ó kéré jù. Kò sì ná ilé-ìwé ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni fèrè wà. Ife-ẹ̀yẹ ọdún yìí yóò dípẹtà nínú àpótí; ẹsẹ̀ yìí ni ọmọ náà yóò fi rin ìrìn ayé rẹ̀ dópin.