Aró Ara Awọ Tó Ń Ràn Mọ́ Aṣọ: Òótọ́ Àbí Irọ́?

Bí aró bẹ́líìtì kò bá mú, ṣòkòtò oníbàárà ló ń jìyà. Oníbàárà kò sì ní bá aró jà. Aránbàtà tó ṣe é ni yóò wá bá. Ẹ jẹ́ ká yẹ ohun tí wọ́n ń sọ ní ìsọ̀ wò.

“Iyọ̀ àti fínígà ló ń mú aró dúró.”
Irọ́. Fínígà wúlò fún àwọn aró kan tí a fi ń se irun àgùntàn lórí iná, ṣùgbọ́n awọ kò ṣeé sè: á súnkì. Iyọ̀ ní tirẹ̀ á gbẹ awọ, á sì yọ funfun sójú rẹ̀.

“Bí aró bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe mú tó.”
Irọ́, òun ló sì ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Ó ní ìwọ̀n tí awọ lè mu. Èyí tó ṣẹ́kù á gbẹ lẹ́búlẹ́bú sójú rẹ̀, òun gan-an ló ń ràn. Fi aró fẹ́ẹ́rẹ́ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì, kí o wá fi àkísà funfun gbígbẹ nù ún. Àkísà á kọ́kọ́ gba àwọ̀ aró náà. Yí ojú rẹ̀ padà, máa nù ún lọ títí kò fi ní mú nǹkan kan jáde mọ́. Ìgbà yẹn ni kí o tó dí ojú awọ náà, kí aró má bàa jáde mọ́.

“Pólíìṣì bàtà ti tó láti dí i.”
Irọ́. Ìda rírọ̀ ni, òun náà sì sábà máa ń ní aró nínú. Ooru ara á mú un ràn. Ákírílíìkì tí wọ́n ṣe fún awọ ni kí o fi dí i, fẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá nípọn jù, á sán níbi tí awọ ti ń ká.

“Aró kì í wọ awọ tí ilé iṣẹ́ ti dí.”
Òótọ́. Kán omi sí i: bí omi bá yí dànù, ojú rẹ̀ ti dí. Àsítónì, irú èyí tí wọ́n fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì, ni a fi ń ṣí i.

“Dúdú kan wà tí kì í ṣe aró.”
Òótọ́. Rẹ ìṣó tó ti dógùn-ún sínú fínígà fún ọjọ́ mélòó kan, fi omi rẹ̀ kun awọ tí wọ́n fi èèpo igi ṣe. Omi irin àti oje igi á pàdé nínú awọ, á dúdú kirikiri.

“Awọ tí a ti dí kò lè ràn mọ́ láé.”
Irọ́. Òjò, òógùn àti ìfaragbúnra á jẹ ohun tí a fi dí i díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, má fi aró kan ẹ̀yìn bẹ́líìtì tó ń kan aṣọ, kí o sì sọ fún oníbàárà pé kó máa gbé e wá fún àtúndí.